Ta Ni Yóò San Owó Ilé Ẹbí?

Ní ọdún 2004, wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ kejì mọ́ ilẹ̀kùn ilé olóògbé Àlàájì Fàsásì ní Ìkòròdú. Owó ilé tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lábẹ́ òfin tuntun ni ẹbí náà kò san. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà fún Ìyá Tàjù, ìyàwó àgbà olóògbé, ẹ̀rù bà á. Owó yàrá ẹ̀yìn tí àwọn ará Ọ̀ṣun háyà ni ìyá náà fi ń jẹun.

Ṣùkúrátù, ọmọ ìyàwó kejì, gbé owó wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n lọ san án. Ìtanràn ń gorí ẹ̀."

Tàjùdéèn, àkọ́bí Àlàájì, fò dìde. "Kí rìsíìtì lè jáde lórúkọ ẹ, kí o wá sọ pé ìwọ lo nilé? Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́!"

"Ẹ san án fúnra yín nígbà náà."

"Ìjọba wo ni n ó san án fún? Èyí tí kò lè la gọ́tà iwájú ilé wa?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ilé ń jó, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa pọn omi.

Ṣùkúrátù bá ránṣẹ́ pe Lọ́yà Mojúbàolú, ọ̀rẹ́ bàbá wọn.

Lọ́yà ní, "Rìsíìtì owó ilé kì í sọ èèyàn di onílé. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá san án, ìjọba lè ní kí ẹlòmíràn máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé yín títí gbèsè á fi tán. Ẹ san án lórúkọ ẹbí. Tí káńsù, tó ń pín nínú owó náà, bá wá ń jíròrò ètò ìsúná, ẹ lọ béèrè owó gọ́tà yín níbẹ̀."

Tàjùdéèn ṣì ń mi orí. Ni Ìyá Tàjù bá lanu.

"Tàjù, ìyá Ṣùkúrá ti wà ní sàréè. Ìyá ta lebi máa pa?"

Tàjùdéèn àti Ṣùkúrátù jọ lọ sí báǹkì lọ́jọ́ kejì, "Ẹbí Fàsásì" ló sì wà lórí rìsíìtì.

Ẹ̀yin ará, ilé tó jẹ́ ti gbogbo yín, gbogbo yín lẹ ni gbèsè rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìfura dá sísan rẹ̀ dúró. Báǹkì ni kí ẹ ti san án, ẹ má kó owó fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Bí inú ìjọba bá ń bí yín, ẹ gbé ìbínú náà lọ síbi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú. Ẹ má fi oúnjẹ ìyá yín bá ìjọba jà.