Ta Ló Gbé Ọkọ̀ Lazarus?

Ọkọ̀ Lazarus ò sí létí omi mọ́. Okùn rẹ̀ nìkan ló kù lára òpó. Wọn ò gé e. Ńṣe ni wọ́n fara balẹ̀ tú u.

Lazarus Dáramọ́lá jókòó sórí kùkùté, ó gbá orí mú. Àyà tó ń dùn ún ò jẹ́ kó lè lọ sójú omi mọ́. Ìjọba tí kì í rántí wọn bí ìjì bá jà ti wá ṣèlérí ohun kan: apẹja tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì kí ọjọ́ tó pé, kó fa ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fi ayùn gé e, yóò sì gba owó ìrànlọ́wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń bọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, wọn ò sì ní padà wá mọ́. Bí kò bá sí ọkọ̀, kò sí owó.

Inspẹ́kítọ̀ Moyọ̀sọ́rẹ Oyèníran, ọlọ́pàá ojú omi, wò yí ká. Kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n gé lẹ́nu wà lórí pákó létí omi.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń fi èyí ṣe?"

"Òun la fi ń gbọ́n omi. Inú ọkọ̀ ló máa ń wà. Ọkọ̀ yẹn ń jò, mà. Tẹ́ ò bá gbọ́n ọn, ẹ ò ní dé Ìjọra tó fi máa rì."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Ó wà nílé, òun àti àjẹ̀. Alaalẹ́ la máa ń gbé wọn wọlé."

"Ta lẹ fura sí?"

Lazarus dárúkọ ẹni méjì. Emeka, tó ń ta pákó ní Malu Road, ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ta ọkọ̀ náà fún òun. Gbénró, apẹja bíi tirẹ̀, ò ní ohun tó máa fà kalẹ̀ fún ìjọba, torí ọkọ̀ ńlá kan ti kọ lu tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì fọ́ ọ.

Emeka ti ń pariwo kí wọ́n tó bi í. "Madam, I no carry am o! Mo ní kó tà á, he say no, I don forget am. Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù mi!"

Gbénró ò pariwo ní tirẹ̀. Inú ń bí i. "Ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ yẹn. Tí mo bá gbé e síwájú wọn, ṣé wọn ò ní dá a mọ̀ ni? Mo tòṣì lóòótọ́, mi ò ya wèrè."

Reuben, àbúrò Lazarus, tí wọ́n jọ ń pẹja láti kékeré, ló ń ṣáájú àwọn tó ń wá ọkọ̀ kiri. Ó ní kí gbogbo wọn forí lé Ìjọra. Moyọ̀sọ́rẹ ní òun á kọ́kọ́ yà nílé Reuben ná. Ó bá Àdùfẹ́, ìyàwó Reuben, níbi tó ti ń gbá omi jáde nínú pálọ̀.

"Ẹ kú wàhálà o."

"Ẹ ṣé, mà. Òjò àná ni."

Ọlọ́pàá wo ilé tó wà lọ́tùn-ún, ó wo ti òsì. Àpò iyanrìn wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wọn tí ò jẹ́ kí omi wọlé, àfi ti Reuben. Ojú ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn nílẹ̀.

Ó padà sétí omi, níbi tí Reuben àti àwọn yòókù ti ń múra àtilọ. "Ọkọ̀ náà ò lọ Ìjọra. Ọkọ̀ tó ń jò, tí kò ní àjẹ̀, tí kò ní ohun tí wọ́n máa fi gbọ́n ọn, ibo ló fẹ́ lọ? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ fún mi ní ọ̀pá gígùn."

Omi ibẹ̀ dúdú bí èédú. Ọ̀pá kan igi nísàlẹ̀, nítòsí òpó. Àwọn ọkùnrin wọnú omi, wọ́n ń fa àpò iyanrìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọkọ̀ fi yọjú.

"Ẹ̀yin apẹja máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ri ọkọ̀ bí igi rẹ̀ bá gbẹ jù," Moyọ̀sọ́rẹ ní, "kí igi lè wú, kí ẹnu pákó lè padé. Kẹ́ ẹ tó rì í, ẹ máa ń kó ohun tó lè léfòó kúrò nínú rẹ̀. Olè lásán ò ní rántí ìyẹn. Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ló gbé kẹ́ẹ̀gì sórí pákó. Reuben, àpò iyanrìn yín dà?"

Reuben ò sá. "Èmi ni."

"Reuben?" Lazarus ní.

"Tí àwọn ìjọba ò bá rí i, wọ́n á máa lọ. Màá wá gbé e sókè padà. Ọkọ̀ tá a jọ ń wà ni, bọ̀ọ̀dá! Ẹ̀yin nìkan lẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Lẹ́nu Gbénró ni mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ayùn gé oúnjẹ mi. Kí lèmi máa jẹ?"

"Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n sọ fún ẹ," Lazarus ní. "Ṣùgbọ́n o rí mi láàárọ̀ yìí tí mò ń sunkún. Ìwọ lo nu ojú mi. O sì mọ ibi tí ọkọ̀ wà."

Moyọ̀sọ́rẹ yíjú sí Lazarus.

"Bàbá, ṣé kí n mú un lọ sí tésàn?"

Lazarus mi orí. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ìyá kan ló bí wa. Ṣùgbọ́n kó má pè mí ní bọ̀ọ̀dá mọ́."

Àwọn ará ìjọba dé, wọ́n tan ayùn. Bó ṣe wọ inú igi, Reuben figbe ta. "Bọ̀ọ̀dá! Bọ̀ọ̀dá mi!"

Lazarus gbọ́. Ó ní kí wọ́n máa gé e lọ.