Gbólóhùn Tí Ìrètíolúwa Gé

"Gé e síbẹ̀ yẹn," ni Bàbá Ayẹni wí. "Ibi tó ti ní òun gbà. A ò nílò ìyókù."

Ìrètíolúwa dá ìka dúró lórí fóònù. Nínú pálọ̀ wọn ní Agbowó, ohùn aṣòfin Bọ́láwárìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nínú fóònù náà, ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́: "Mo gbà kí ìjọba yáwó, ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí wọ́n bèèrè ni, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ owó ìdánwò àṣekágbá àwọn ọmọ wa kúrò nínú ìṣúná. Bí a bá kọ èyí, wọ́n á wá ìbò lọ síbòmíràn, a ó sì pàdánù méjèèjì."

Bàbá Ayẹni ló bí ìyá rẹ̀. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àgbà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, Ìrètíolúwa ló ń bá a lọ sí ìpàdé ní Òníréké, tó ń fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, tó sì ń ti inú rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ìlànà kan ni àwọn àgbà náà fi ń yangàn ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìjọba kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè. Nígbà tí Bọ́láwárìn, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, wá ṣàlàyé àdéhùn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ìjọba ṣe lórí ìṣúná, gbọ̀ngàn náà gbaná. Alhaji Ṣàkírù, alága wọn, ló fọhùn kẹ́yìn: "Ẹni tó jẹ ìdajì èèwọ̀, odindi ló jẹ."

"Bàbá, bí a bá gé e síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ á yí padà."

"Ṣé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu ni?" Bàbá Ayẹni rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Alága ní bí o bá ṣe iṣẹ́ yìí, òun á mú ọ lọ bá ọ̀rẹ́ òun nílé iṣẹ́ rédíò. Àbí ìwọ kọ́ lo ń fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ ṣe gbohùngbohùn, tí o ń ka ìròyìn fún wa láàárọ̀?"

Ìrètíolúwa rántí Zùwáírátù, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Bí ìjọba kò bá san owó ìdánwò, Zùwáírátù kò ní ṣe é. Ó mọ èyí dáadáa. Ó tún rántí rédíò. Ó gé e, ó sì fi ránṣẹ́ sí alága.

"Mo gbà kí ìjọba yáwó." Gbogbo ohun tó kù nìyẹn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà lórí fóònù káàkiri ọjà.

Lọ́jọ́ kejì, Zùwáírátù fúnra rẹ̀ ló ń gbé e fún kíláàsì gbọ́. "Ọ̀dàlẹ̀ rèé o. Ìyá mi ní bí òun bá pàdé ẹ̀, omi ata lòun máa fi wẹ̀ ẹ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìrètíolúwa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ dó ti ilé Bọ́láwárìn. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yọ ọwọ́ nínú àdéhùn náà. Ìjọba kò bẹ̀ wọ́n. Ó fa àwọn aṣòfin mìíràn mọ́ra, ó sì bu ọwọ́ lu ìṣúná tó wù ú: ó yá gbogbo owó tó fẹ́ yá, ó sì yọ owó ìdánwò kúrò.

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò parí láìsí orúkọ Zùwáírátù níbẹ̀, Ìrètíolúwa lọ sí ọjà. Ó bá Zùwáírátù nídìí ata, tó ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò.

"Ẹ káàbọ̀, oníwèé," ni Zùwáírátù wí. "Tàtàṣé àbí rodo?"

"Zùwáírátù, èmi ni mo gé ohùn yẹn."

Ó gbé fóònù rẹ̀ fún un, ó sì jẹ́ kó gbọ́ odindi ọ̀rọ̀ náà. Zùwáírátù tẹ́tí dé òpin, ó dá fóònù náà padà, ó sì kọjú sí obìnrin kan tó ń bọ̀. "Mọ̀mí, ẹ wá ra ata yín."

Kò tún wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Ìrètíolúwa dìde ka àkọsílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Kò ka nǹkan kan. Ó gbé fóònù sí ẹnu gbohùngbohùn, ohùn Bọ́láwárìn sì kún gbọ̀ngàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Ìrètíolúwa: gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà sọ ọ́.

"A ti gbọ́ ọ rí," ni Alhaji Ṣàkírù wí. "Ìjọba ló jẹ gbèsè, àwa kọ́. Ọwọ́ tiwa mọ́."

"Ọwọ́ wa mọ́," ni àwọn kan gbè é.

"Ọmọ yìí gbójú, àmọ́ mi ò kí ń yẹ àdéhùn. Wọ́n ń retí rẹ ní rédíò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìrètíolúwa kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Mi ò lọ mọ́."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn lọ sílé, Bàbá Ayẹni kọjú sí i nígbà tí wọ́n kọjá Mọ́kọ́lá. "Ṣé o ti pa èyí tí o gé yẹn rẹ́?"

"Mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù mi, Bàbá. Ó ṣì wà lórí ti gbogbo ọjà."

Ilé Ìrètíolúwa rówó san, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Alága kò parọ́ nípa èèwọ̀. Ohun tí kò sọ ni pé òtítọ́ náà ní èèwọ̀ tirẹ̀: ẹni tó gé e sí méjì, odindi irọ́ ló pa, ẹlòmíràn ló sì sábà máa ń jẹ ìyà rẹ̀.