Àlàfo Ìka Mẹ́ta

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi dìde lórí àìsàn, awọ ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà lórí ìrọ̀rí. Odindi ni, láti ọrùn ọwọ́ títí dé orí ìka, bí ìbọ̀wọ́ tí èèyàn bọ́ sílẹ̀. Ogójì ọdún ni ìyá mi fi ránṣọ, àwọn àpá abẹ́rẹ́ kéékèèké tó ti kóra jọ sórí ìka rẹ̀ sì wà lára awọ náà, ọ̀kan kò dín. Ìyá mi fúnra rẹ̀ dúró lẹ́bàá fèrèsé, nínú oòrùn, ó ń wo ìta.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà ni dókítà ti ní kí a máa gbé e lọ sílé. Bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbọ́n kì í béèrè ìdí.

Àbúrò mi ọkùnrin, onígbàjámọ̀ tó ń gbé yàrá kejì, gbé tíì wọlé. Ó rí awọ, ó rí màmá, ó rọra gbé ife sílẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Bí ibà bá ti pẹ́ lára èèyàn, awọ máa ń ṣí."

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣí rèé?"

"Àbí o fẹ́ kí wọ́n padà sórí ibùsùn ni?"

Èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun àbúrò mi. Mo fi bébà fẹ́lẹ́ di awọ náà bí a ṣe ń di nǹkan níbi iṣẹ́ mi, mo gbé e sínú páálí, mo sì ń yọ̀. Àní mo ń yọ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún àwọn ohun àtijọ́ tó bàjẹ́ ṣe. Ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń kó wọn sí kí ará ìlú lè máa wá wò wọ́n. Yàrá tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, tábìlì kan, iná kan, àti ọ̀pá omi tó gba ara ògiri kọjá. Òfin iṣẹ́ wa kò pọ̀. A kì í fi ohun tí a kò rí ẹ̀rí rẹ̀ kún ohun tó fọ́, ohunkóhun tí a bá sì fi kún un gbọ́dọ̀ ṣeé tú. Itọ́ ni a fi ń nu ìdọ̀tí. A ó fi òwú wé orí igi tín-ín-rín, a ó fi sẹ́nu, a ó fi nu ún, a ó tún mú òmíràn. Àwọn tó bá gbọ́ máa ń fúnjú pọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọṣẹ tó tó o.

Àwo amọ̀ kan ni wọ́n gbé wá fún mi lóṣù náà, ó fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ kékeré. Ejò kan yí ẹnu rẹ̀ ká. Wọ́n fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín ìpẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó la ẹnu, ó ń lé ìrù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a. Àlàfo tó kù láàárín ẹnu àti ìrù tó ìka mẹ́ta.

Ọ̀gá wa fẹ́ kí n ṣe é tán kí àwọn àlejò kan tó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá Akàwé, arúgbó tó wà ní àjà kẹta, òun nìkan ló lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí àwo náà, oṣù méjì sì ti kọjá tó ti ń ka ẹ̀dà tó kọ láti ara rẹ̀. Bí ìgbín bá gbéra lọ sájò lọ́jọ́ tí Bàbá Akàwé bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, ìgbín á ti dé, á ti kí ará ilé tán. Ó fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi: *Má fọwọ́ kan ibi ìrù. N kò tíì kà á tán.* Mo fi ìwé náà nu ọ̀bẹ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò mi pè mí pé màmá kò lè gbé omi mì mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa múra ọkàn. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe." Mo pa fóònù. Mo po ẹfun tí a fi ń dí ohun tó fọ́, mo fi itọ́ rẹ etí àlàfo náà, mo sì mọ ìrù fún ejò náà títí tó fi wọ ẹnu rẹ̀. Bí mo ti ń tẹ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Màmá, ẹ má lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí awọ lórí ìrọ̀rí.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bí mo ti ń yọ fìlà mi, mo gbọ́ nǹkan kan: kó, kó, kó. Ẹ̀ẹ̀mẹta, bí irin tó ń kan pákó. Mo wo abẹ́ tábìlì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní ọ̀pá omi ni.

Nílé, ara màmá ń le sí i. Awọ ọwọ́ òsì bọ́, tẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀lé e, ara tó wà lábẹ́ wọn tutù, ó sì ń dán. Kò sùn lórí ibùsùn mọ́; ibi tí oòrùn bá wọlé sí ló ń jókòó. Àbúrò mi ní òun rí i tó gbé ẹyin odindi mì pẹ̀lú èèpo. Mo ní irọ́ ni, kó lọ máa fá orí àwọn èèyàn rẹ̀. Lóòótọ́, èmi náà ti ka ẹyin inú abọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti wá èèpo títí n kò rí i.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kò pè mí. Olójú Abẹ́rẹ́ ni ìyá mi ń pè mí láti kékeré, nítorí pé èmi ni mo máa ń bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kò sẹ́lòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé. Mo gbé àpótí ìránṣọ rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, àlùmọ́gàjí tó fi ń pè wá nígbà tí a wà lọ́mọdé. Kì í pariwo pe ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò fi irin náà kan tábìlì ẹ̀rọ rẹ̀, ibi yòówù kí a wà, a ó sáré wá. Ó yí i sókè, ó yí i sódò.

"Kí ni wọ́n fi èyí ṣe?"

"Màmá, ta ni mí?"

Ó wò mí, kò ṣẹ́jú. "Ìwọ lo wà níbí," ló sọ.

Mo sọ fún ara mi pé ìgbàgbé àgbàlagbà ni. Ẹni tí ò bá fẹ́ mọ nǹkan, ó máa ń rí ohun púpọ̀ sọ fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá tí màmá ti dìde ni Bàbá Akàwé sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá mi, òun àti ìwé rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwo náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Àwọn àlejò tí ọ̀gá wa torí wọn dààmú ayé kò wá mọ́, wọ́n ti sún un sí oṣù tó ń bọ̀. Arúgbó náà rí ìrù tuntun, ó sì jókòó láìgba àyè.

"Ta ló ní kí o dí i?"

"Ó fọ́ ni, bàbá."

"Ibi tó bá fọ́ máa ń mú. Etí èyí ń dán. Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ ló fi àtàǹpàkò dán an." Ó bojú wo ìwé rẹ̀. "Ọ̀pọ̀ ará àtijọ́ ló bọ ejò, kì í sì í ṣe oró rẹ̀ ni wọ́n ń bọ. Awọ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ẹni tó lè bọ́ ara sílẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ, ikú kò rí i mú. Àwọn kan yà á sórí adé ọba. Àwọn kan wé e mọ́ ọ̀pá oníṣègùn. Àwọn kan ní àwa èèyàn ni wọ́n fi àìkú rán sí, ejò ló gbà á lọ́nà. Àwọn tó mọ àwo yìí, ẹ̀gbẹ́ orí aláìsàn ni wọ́n ń gbé e sí. Ejò á yí ẹ̀mí ẹni náà ká, kó má baà sá lọ nítorí ìrora lásán. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Tó bá fẹ́ lọ lóòótọ́, kó lè lọ." Ó wá ka ìdí àwo fún mi, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà: "*Ẹni tó bá dí ẹnu ọ̀nà, ohun tó fẹ́ràn ni yóò há mọ́ inú. Èyí tó bá jáde síta kì í ṣe tirẹ̀.*" Ó ká ìwé náà. "Ṣé aláìsàn wà nílé yín?"

"Ara wọn ti yá, bàbá."

"Tú u lónìí."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò."

Kó, kó, kó.

"Ọ̀pá omi ni," mo ní.

"Wọ́n ti gé omi ilé yìí láti àná," ni arúgbó náà wí, ó sì dìde lọ.

Kò sídìí fún un láti fi ojú àtàǹpàkò amọ̀kòkò hàn mí. Mo ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti gbé àtàǹpàkò tèmi lé e, ó bá a mu wẹ́kú. Kò sí ohun tó fọ́ níbẹ̀ rí, mo sì mọ̀. Ọ̀nà kan ni mo rí, mo rò pé ibẹ̀ ni ikú fẹ́ gbà, mo dí i. Mo jókòó ti àwo náà, mo ṣí oúnjẹ ọ̀sán mi, mo sì sọ ọ́ sókè fún ara mi pé, "Mo mọ̀. N kò ní tú u. Kó rí bó ṣe rí."

Ọjọ́ mẹ́fà mìíràn kọjá. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Àbúrò mi kò wọ yàrá màmá mọ́. "Ẹni yẹn kì í ṣe màmá," ló ń sọ lẹ́nu ọ̀nà, jẹ́jẹ́, kí ẹni inú yàrá má baà gbọ́. Níbi iṣẹ́, kíkàn náà kò dáwọ́ dúró mọ́. Mo ra nǹkan tí wọ́n fi ń dí etí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, ojú ló bọ́. Mo wọlé, mo bá a lórí ìrọ̀rí: àwọn ìlà ẹ̀rín lẹ́bàá ẹnu, àpá tí iná irin ìlọṣọ dá sí àgbọ̀n, ìpéǹpéjú tó ti rọ̀. Ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé yíjú sí mi, ojú tirẹ̀ ń dán, kò sí ìlà kan níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi bí àlejò ṣe ń rẹ́rìn-ín sí onílé. Ìyá tí mo mọ̀ ni èyí tó wà lórí ìrọ̀rí. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo kọrí sí ibi iṣẹ́, sídìí àwo náà.

Ẹfun wa kì í bá omi jà. Ìṣẹ́jú kan ni, á ti rọ̀. Mo fi omi sí i, kò rọ̀. Mo fi omi gbígbóná sí i. Mo fi ọ̀bẹ kàn án, ọ̀bẹ yọ̀. Ìpẹ́ tí n kò fín ti hù sára rẹ̀. Mo wá rántí ohun tí mo fi rẹ ẹ́ nígbà tí mo ń mọ ọ́, mo fi òwú sẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gbẹ. Ẹkún ló bá mi ṣe é. Nígbà tí ẹkún dé, itọ́ dé, mo sì ń nu ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ, títí àlàfo ìka mẹ́ta fi là. Afẹ́fẹ́ kan kọjá lórí ọwọ́ mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kíkàn náà dákẹ́.

Fóònù dún. Àbúrò mi ni.

"Wọ́n ti lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ dé. Màmá gan-an. Mo gbọ́ ohùn wọn, mo wọlé, wọ́n wà lórí ibùsùn, àpá abẹ́rẹ́ wà níka wọn bó ṣe máa ń wà. Kò sí ẹnì kankan lẹ́bàá fèrèsé."

"Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ní Olójú Abẹ́rẹ́ ńkọ́. Mo ní ẹ wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní àwọn kan tábìlì títí apá fi ro àwọn, ẹ kò dáhùn."

Mo gbé ọwọ́ lé tábìlì mi.

"Wọ́n ní kí n bi yín pé, lọ́jọ́ tí ẹ ń jẹun tí ẹ sọ pé ẹ mọ̀, pé ẹ kò ní tú u, ta lẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo gbọ́ bó ti fa ikun imú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ mọ̀? Tábìlì wo ni màmá ń sọ?"