Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Ga

Abọ́ tánganran funfun kan ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Abọ́dúnrìn. Ó ń yí bọ̀ láti àárín títì Lagos Town ní Accra, ó kọjá níwájú ewúrẹ́ kan, ó wá fara ti bàtà rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin tó ń sáré tẹ̀ lé e, gèlè ti já bọ́ sí i léjìká, ó fi ọwọ́ kan di ìró mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ì bá máa sunkún. Abọ́ bí ogún ló wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí píkọ́ọ̀pù tó kó wọn ti kó sí kòtò, ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ọdún tí Gánà gba òmìnira ni, àsíá tuntun ṣì wà lójú fèrèsé ọ̀pọ̀ ilé. Accra ni wọ́n bí Abọ́dúnrìn sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Àrówólò bàbá rẹ̀ ń ṣe alágbẹ̀dẹ, òun ń ṣe fítà, ìyẹn mẹkáníìkì, ní àdúgbò Kotobabi. Dípò kó dá abọ́ padà fún ọmọbìnrin náà, abẹ́ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀ wò.

“Ó ti rẹ àwọn sípíríǹgì yìí,” ó ní.

“Ó ti rẹ èmi náà,” ni ọmọbìnrin náà fèsì. “Fítà, ṣé ẹ máa ń tún ènìyàn ṣe?”

Abọ́dúnrìn fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa abọ́. Èmi kò bá a wí o. Ẹni tó bá rí ẹ̀rín ọmọbìnrin náà, Tàíbátù, lọ́jọ́ náà, yóò bá a ṣa abọ́.

Ìyá Mọ́nsúrù ló bí Tàíbátù. Abọ́ àti ọṣẹ ni ìyá náà ń tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, píkọ́ọ̀pù yìí ló sì fi sílẹ̀ fún wọn. Mọ́nsúrù, ẹ̀gbọ́n Tàíbátù, ló ń wà á. Ìyá a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn a kó ẹrù lọ sí ọjà Nsawam. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì kò lágbára mọ́, àwọn abọ́ a máa kọlu ara wọn lọ́nà, wọn a sì ti họ kí wọ́n tó dé ọjà. Ta ní í ra abọ́ tó họ?

Mọ́nsúrù gbé ọkọ̀ wá sí Kotobabi lọ́sẹ̀ náà. Abọ́dúnrìn fẹ́ kí Tàíbátù rí i pé òun mọṣẹ́, ó sì ṣe é bí gbogbo fítà ti ń ṣe é: ó to irin tó nípọn, tó tẹ̀ bí ọrun, sábẹ́ ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tó parí, ọkọ̀ náà ga sí i ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Mọ́nsúrù yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, inú rẹ̀ dùn.

Láti ọjọ́ náà ni Tàíbátù kò ti yéé wá sí Kotobabi. Lónìí, á ní nọ́ọ̀tù kan ń dún. Lọ́la, á ní ó tún ti ń dún. Abọ́dúnrìn á wọ abẹ́ ọkọ̀, kò ní rí nǹkan kan.

“Tàíbá, níbo gan-an ló ti ń dún?”

“Bóyá inú àyà mi ni.”

“Ìyẹn nìkan ni mi ò ní tún ṣe. Jẹ́ kó máa dún.”

Nígbà tí ìfẹ́ wọn pé oṣù méjì, Abọ́dúnrìn bẹ bàbá rẹ̀ pé kó lọ bá òun tọrọ Tàíbátù. Ìyá Mọ́nsúrù gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé obì kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní láti ìgbà díẹ̀, ara òun kò le tó láti lọ sí Nsawam, Tàíbátù ló ń lọ dípò òun. Bó bá lọ sílé ọkọ, ọjà náà á kú.

Abọ́dúnrìn rò pé ìyá kàn fẹ́ fi ọgbọ́n lé òun ni, pé ọwọ́ òun tó máa ń dúdú fún gírísì ni kò fẹ́. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ fi bó.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Tàíbátù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìyá di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé ibi àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ó tún gbé e. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àpótí ìfọṣọ, ó ń sunkún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí orúnkún ti ń dà á láàmú, tó sì ń fi pa mọ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ga ni kò ti lè gùn ún mọ́.

Tàíbátù ní kí àwọn máa gbé àpótí sílẹ̀ fún un láti fi gun ọkọ̀.

“Nílé ni ìyẹn,” ìyá ní. “Ní Nsawam ńkọ́, lójú gbogbo ayé? Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi ti lọ, ìsọ̀ mi náà ti lọ nìyẹn. Búra fún mi pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Tàíbátù búra. Ṣùgbọ́n ó wá okùn kan, ó fi wọn àtẹ̀gùn ilé wọn tí ìyá ṣì ń gùn, ó so kókó síbi tí gíga rẹ̀ dé, ó mú un lọ sí Kotobabi.

“Àtẹ̀gùn ọkọ̀ wa kò gbọdọ̀ ga ju kókó yìí lọ,” ó ní. “Ọkọ̀ sì gbọdọ̀ lè gbé ẹrù. Mepa wo kyɛw, jọ̀ọ́, má bi mí ní nǹkan kan.”

Abọ́dúnrìn wo okùn náà, ó yé e pé ẹsẹ̀ ìyá ni kò dé ọkọ̀ mọ́. Ìtìjú mú un. Iṣẹ́ tó fi ń ṣe fáàrí ló lé ìyá olólùfẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́jà.

Àwọn fítà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín pé sípíríǹgì kì í le kó má ga. Nígbà tí Mọ́nsúrù gbé ọkọ̀ padà wá, ọjọ́ mẹ́rin ni òun àti bàbá rẹ̀ lò nídìí ẹwìrì. Wọ́n dá àwọn irin àtijọ́ padà, wọ́n fi iná sọ agbára wọn jí, wọ́n sì fi irin kan tó kúrú, tó nípọn, tó tọ́ gbọnrangandan, sábẹ́ wọn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, irin náà kò kan ohunkóhun. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, àwọn tòkè á tẹ̀ wálẹ̀ bá a, á sì bá wọn gbé ẹrù náà. Abọ́dúnrìn fi okùn wọn àtẹ̀gùn ọkọ̀. Kò ga ju kókó lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ náà lọ sí Lagos Town. Ìyá Mọ́nsúrù jáde, ó ti ń wá ohun tí yóò fi ṣe àwáwí. Abọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, Màmá. Àṣìṣe ni mo ṣe níjọ́sí. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ ga jù, kò dáa fún irin rẹ̀. Mo ti gbé e wálẹ̀.”

Ìyá ní kó dìde. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ dé àtẹ̀gùn. Ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe. Wọ́n kó abọ́ àti páálí ọṣẹ sẹ́yìn ọkọ̀ títí ó fi kún, ìdí ọkọ̀ kò lọ sílẹ̀.

“Mọ́nsúrù, yɛnkɔ,” ó ní, ọkọ̀ sì gbéra.

Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sí abọ́ kankan tó họ. Ìyá ní kí wọ́n sọ fún Àrówólò kó tún padà wá.

Lọ́jọ́ ìdána, àwọn ẹbí Abọ́dúnrìn tò láti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, nítorí ẹni tó gba ọmọ ló ń dúpẹ́. Ìyá Mọ́nsúrù na ọwọ́, ó dá wọn dúró.

“Ẹ dákun, èmi ni màá kọ́kọ́ dúpẹ́. Orúnkún mi ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ yín mọ̀. Ó gbé ẹ̀bi lé orí ara rẹ̀ kí ìtìjú má bàa bá mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́. Ẹ máa mú ọmọ mi lọ.”

Àwọn àgbà ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, kí ìyá ìyàwó ṣáájú àna dúpẹ́. Abọ́dúnrìn dojú bolẹ̀ lórí ẹní, omijé kò jẹ́ kó lè dìde. Tàíbátù kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó jáde láti inú yàrá, ó wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.