Ẹkún Morìnsọ́lá Níwájú Kámẹ́rà

Bàtà ọmọ náà ló kọ́kọ́ pòórá. Bàtà rọ́bà pupa ni. Morìnsọ́lá ti wé e sínú aṣọ funfun, ó sì ti fi sí ìsàlẹ̀ àpótí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ṣí àpótí, ó tú aṣọ náà, kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bó ṣe wé aṣọ ọ̀hún ló ṣe bá a. Kò sì sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan àpótí yẹn nínú ilé wọn ní Ìbẹ̀rẹ̀kò.

Sẹ̀námì ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ibà mú un, kò sì lò ju ọjọ́ méjì lọ. Lọ́jọ́ tó kú, orí ìtàgé ni ìyá rẹ̀ wà ní Èkó, ó ń ṣe olorì ọba, ó sì ti pa fóònù rẹ̀ kó má baà dún. Nígbà tó fi máa tàn án, Daniel ọkọ rẹ̀ ti pè é nígbà mẹ́tàdínlógún. Daniel kò bá a wí lórí ọ̀rọ̀ náà rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù.

Kó tó dìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ Morìnsọ́lá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń bá àwọn eléré kiri, ipa nọ́ọ̀sì tàbí ti ìyá aládùúgbò ni wọ́n máa ń fún un. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Abdulqoyyum tó ń darí fíìmù pè é kó wá ṣe ìyá tí wọ́n já ọmọ gbà mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kó sunkún. Ó ronú kan bàtà pupa yẹn, bó ṣe máa ń dún pá, pá, lórí sìmẹ́ǹtì, omijé sì dà. Bó ti ń sunkún, ó gbóòórùn ìpara tó máa ń fi sí irun Sẹ̀námì. Ọwọ́ kékeré kan bà lé orúnkún rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nígbà tí wọ́n dá kámẹ́rà dúró, ọwọ́ náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà lòkìkí rẹ̀ ti kàn. Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní Ìbàdàn, kò sì sí fíìmù ẹlẹ́kún tí wọn kì í wá a sí. Àwọn èèyàn rò pé òkìkí ló ń lé. Ọwọ́ kékeré yẹn ló ń wá lọ.

Nínú fíìmù kejì, orin tí ọmọ náà máa ń kọ tó bá ń wẹ̀ ló fi sunkún. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó tan ohùn ọmọ tó gbà sórí fóònù rẹ̀, ariwo omi nínú garawa nìkan ló gbọ́. Lẹ́yìn ìkẹta, ó wo fọ́tò ọjọ́ ìbí Sẹ̀námì, àga àti àkàrà òyìnbó ló kù nínú rẹ̀. Ó dá fóònù lẹ́bi, ó dá oòrùn lẹ́bi.

Ìlú Àpá tí ìyá Daniel ń gbé ló ti wá mọ òótọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí fíìmù kan tó fi ìrántí ọmọ náà lẹ́yìn ìyá Daniel sunkún, bó ṣe máa ń sùn lọ tí ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, ó lọ kí màmá náà. Ó bá a níbi tó ti ń yan ẹja, ó kí i ní Ègùn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní òun fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síbi sàréè Sẹ̀námì.

Màmá gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni Sẹ̀námì?"

"Ọmọ mi ni, Màmá. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n."

Màmá wò ó tàánú-tàánú. "Ọmọ mi, ìwọ àti Daniel kò tíì bímọ."

Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gẹ́ ló wà níbi tí wọ́n sin ọmọ sí. Ẹ̀gẹ́ náà ti ga dé èjìká rẹ̀, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó sì tò ó pọ̀ lọ́kàn rẹ̀: gbogbo ohun tó fi sunkún níwájú kámẹ́rà ló ti lọ.

Nígbà tó délé, ó rọra bi Daniel léèrè bóyá ó rántí ọjọ́ tí wọ́n bí Sẹ̀námì. Daniel ní ta ló lè gbàgbé, òjò òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, àti bí òun ṣe fi ṣẹ́ẹ̀tì òun bo ọmọ náà lórí ọ̀kadà. Morìnsọ́lá di í mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìrántí yẹn àti orúkọ ọmọ náà ló kù. Ó búra pé òun kò ní sunkún mọ́.

Oṣù mẹ́jọ ló fi pa ìbúra náà mọ́. Bí wọ́n bá ní kó sunkún, á fi rọ́ọ̀bù pa abẹ́ ojú, omi á sì jáde. Àmọ́ ọwọ́ kékeré yẹn kì í wá fún omi rọ́ọ̀bù. Daniel á ti lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láàárọ̀ síbi iṣẹ́ ajẹ́ńtì tó fi ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde, ilé á dákẹ́, Morìnsọ́lá á jókòó, á gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé orúnkún.

Nígbà tó yá, Abdulqoyyum gbé e lọ sétí òkun ní Àgbádárìgì, lọ́sàn-án gangan, kó wá ṣe ìyá tó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Ó ti fi rọ́ọ̀bù sójú. Bí kámẹ́rà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún kúrò. Ó mọ ohun tí yóò ná an. Ó rántí Daniel láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nubodè, tí kò ní mọ ìgbà tí nǹkan náà máa kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ nínú ara rẹ̀ pé kó má bínú. Lẹ́yìn náà ló ronú kan òjò òwúrọ̀ yẹn, ó sì pe orúkọ ọmọ náà sókè.

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló wá. Sẹ̀námì dúró níwájú rẹ̀ nínú iyanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó ń wò ó.

"Màmá, ẹ ti pẹ́ jù."

Ó fà á mọ́ra. Ọmọ náà wúwo láyà rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn lè fi kà dé mẹ́wàá.

Wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Morìnsọ́lá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣì nà síwájú. Ó bèèrè omi mímu, ó sì bi wọ́n bóyá kí òun tún un ṣe. Abdulqoyyum ní rárá, ó ti tó.

Ní Oṣù Kejìlá, wọ́n fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn kan nílùú. Òun àti Daniel jókòó níwájú. Nígbà tó dé ibi etí òkun, gbogbo èèyàn ń sunkún. Morìnsọ́lá fẹnu sétí ọkọ rẹ̀.

"Orúkọ ta ni mò ń pè yẹn?"

Abdulqoyyum tó wà lẹ́yìn wọn ní orúkọ náà kò sí nínú ìwé eré, òun rò pé Morìnsọ́lá fúnra rẹ̀ ló fi kún un ni.

Daniel dá a lóhùn. "Orúkọ àwa Ègùn ni. Ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ló fún mi." Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ó wù mí. Bí Ọlọ́run bá fi obìnrin ta wá lọ́rẹ lọ́jọ́ kan, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Morìnsọ́lá ní ó dáa. Ó wo fíìmù náà títí ó fi parí, ojú rẹ̀ gbẹ, kò sì mọ ohun tó ń pa obìnrin yẹn lẹ́kún.