Òtẹ́ẹ̀lì Orí Bébà

Atẹ̀wé kan wà ládùúgbò wa tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Bí o bá gbé bébà fún un, yóò fi ìka méjì pa á lára, yóò sì sọ bó ṣe nípọn tó fún ọ láì wọ̀n ọ́n. Yóò gbé e sókè sí ojú fèrèsé, yóò wò ó bóyá yíǹkì rẹ̀ dọ́gba. Ohun kan ṣoṣo tí kì í ṣe ni kó ka ohun tó ń tẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń ka gbogbo ìwé tó gba ọwọ́ òun kọjá, ìgbà wo ló fẹ́ parí iṣẹ́?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oníbàárà rẹ̀ kan wọlé, ọkùnrin tó ń bá àwọn ènìyàn ṣètò ìrìnàjò lọ sókè òkun. Ẹ-Má-Mikàn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé gbólóhùn yẹn ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òun náà ló sì fi ń parí rẹ̀. Igba fọ́ọ̀mù ló fẹ́ tẹ̀, irú èyí tí òtẹ́ẹ̀lì fi ń jẹ́rìí pé ẹnì kan ti gba yàrá. Àwòrán ẹyẹ búlúù kan wà lókè rẹ̀.

"Yíǹkì búlúù mi ti ń tán lọ," ni atẹ̀wé wí, ó gbé èyí tó kọ́kọ́ jáde sí ojú ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wo apá òsì ẹyẹ yìí, kò mú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n ra òmíràn kí n tún un tẹ̀."

"Ẹ má mikàn, ọ̀gá mi. Ta ló ń wo apá ẹyẹ?"

Atẹ̀wé tẹ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò béèrè pé kí ló dé tí òtẹ́ẹ̀lì tó wà lókè òkun fi wá ń tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí. Iṣẹ́ ni, wọ́n sì ti san owó rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ronú nìyẹn, àfi ìgbà tó bá kan ilé ẹni.

Bó ṣe ń di ẹrù náà ni Ẹ-Má-Mikàn rí ìwé ìpè ìgbéyàwó lórí tábìlì. Ìgbéyàwó atẹ̀wé fúnra rẹ̀ ni, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ ò sì sọ fún mi! Níbo lẹ máa gbé ìyàwó lọ fún họnimúùnù?"

Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ń wá ibi tí agbára àwọn ká. Ẹ-Má-Mikàn fa àga, ó jókòó. Ó ní erékùṣù kan wà lókè òkun, ọjọ́ méje gbáko, ọkọ̀ òfurufú ní àlọ àti àbọ̀, yàrá tó kọjú sí omi, gbogbo rẹ̀ ní iye tí kò tó owó tí wọ́n fi gba gbọ̀ngàn. Kò tiẹ̀ sí wàhálà físà, ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń lù ú fún àlejò tó bá ti ní ìwé yàrá lọ́wọ́.

Ìyàwó tí à ń wí yìí, agbẹ̀bí ni. Ọdún mẹ́fà ló fi ń kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ní ọdún yìí ni wọ́n gbà á. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó ni yóò lọ. Ọmọ ọwọ́ tó ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé ìwòsàn wọn, ó mọ iye wọn, kì í sì í sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí wá kí wọn, wọ́n sì sọ ètò Ẹ-Má-Mikàn fún un. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ná ẹnubodè ni, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Owó tó dá lé yín yìí, oúnjẹ ọjọ́ méje wà ńbẹ̀? Ọkọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú dé òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pọ́ọ́kú, oúnjẹ ibẹ̀ lè gbọ́n yín lápò gbẹ."

"A ti ya ìyẹn sọ́tọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni agbẹ̀bí dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ta ló ti pe òtẹ́ẹ̀lì náà?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ẹ pè wọ́n. Kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún yín o. Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà wọn, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ yín wà ńbẹ̀. Ẹ kàn sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ibodè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè wọn. Tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí n gbé yín sọdá ẹnubodè sí orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá yìí. Adágún omi wà ńbẹ̀, ilé àlejò ibẹ̀ mọ́, wọn ò sì béèrè físà lọ́wọ́ wa. Wákàtí mẹ́rin ni."

"Nínú bọ́ọ̀sì?" ni atẹ̀wé wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni yìí kì í ṣe àjèjì. Èmi ni mò ń tẹ gbogbo ìwé ẹ̀. Káàdì ẹ̀, risíìtì ẹ̀, gbogbo ẹ̀. Bébà tó dáa ló máa ń lò."

Agbẹ̀bí wo ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì dákẹ́. Kò fẹ́ dójú tì í níwájú ẹ̀gbọ́n òun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn ún títí di òní.

Wọ́n ṣègbéyàwó, ó dùn. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ jẹ́ ojúlówó, torí náà kò sí ohun tó ta wọ́n lólobó. Àárọ̀ kùtùkùtù ni Ẹ-Má-Mikàn pàdé wọn ní pápákọ̀, ó ti ìwé yàrá bọ inú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó ní kí wọ́n gbé e fún aṣọ́bodè bẹ́ẹ̀.

Aṣọ́bodè erékùṣù ọ̀hún, obìnrin ni, kò le, kò sì rọ̀. Ó tú àpòòwé, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan ó padà dé.

"Kò sí òtẹ́ẹ̀lì kankan ní àdírẹ́sì yìí. Ilé ìkẹ́rùsí ló wà níbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yín, ọkùnrin kan gbé e. Mo bi í nípa yàrá yín, ó ní kí n má mikàn."

Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Atẹ̀wé wò ó. Apá òsì ẹyẹ náà kò mú dáadáa.

Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà orí káàdì Ẹ-Má-Mikàn ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ méjèèjì.

Wákàtí mọ́kànlá ni wọ́n lò lórí àga oníke nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ìwé ìrìnnà wọn pé a kọ̀ wọ́n ní ìwọlé nítorí ayédèrú ìwé. Ibẹ̀ ni agbẹ̀bí ti béèrè, ohùn rẹ̀ kò ga.

"O mọ bébà yẹn?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"O kà á nígbà tó ò ń tẹ̀ ẹ́?"

"Mo wò ó. Mi ò kà á."

Họnimúùnù wọn nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dá wọn padà dé ilé, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ́fíìsì Ẹ-Má-Mikàn. Ilé ẹ̀kọ́ fi fọ́ọ̀mù ìkẹyìn ránṣẹ́ sí agbẹ̀bí. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀: ṣé wọ́n ti kọ̀ ọ́ ní ìwọlé ní orílẹ̀-èdè kankan rí? Ó kọ òtítọ́ síbẹ̀, ó sì so ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ló lọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé mọ́ àyà, nítorí pé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Atẹ̀wé ṣa fọ́ọ̀mù tó bàjẹ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó kó wọn lọ bá ọlọ́pàá, ó sì jẹ́wọ́. Wọ́n sọ fún un pé tọkọtaya márùn-ún mìíràn ti kó sí páńpẹ́ kan náà, ìwé ẹlẹ́yẹ búlúù yẹn ló sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bí ẹ̀rí. Orí béèlì ló wà báyìí, ó ń dúró de ilé ẹjọ́. Agbẹ̀bí kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó bá wọ ilé yẹn, ìbáà ṣe owó iná, òun ló ń kà á sókè, tí ọkọ rẹ̀ yóò jókòó gbọ́ ọ títí dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtirìnrìnàjò ìsinmi, ibi tó sún mọ́ tí agbára yín ká kì í ṣe ìtìjú. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì fúnra yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ gba gbogbo ìwé yín ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, kí ẹ sì tú àpòòwé kí aṣọ́bodè tó tú u. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ wádìí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí yóò gbé e dé ibodè lè jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ kà á.