Oríkèé Kan Náà

Omi ife kan péré ló tú àṣírí náà. Ìyá àgbà fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ gbá ife ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kí ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, tó mú akísà wá, ilẹ̀ tí wọ́n fi pákó ọparun tẹ́, tí kò tíì pé oṣù kan, ti wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Nọ́ọ̀sì fi èékánná họ igun kan. Bébà ló ká wá sókè.

"Màmá, ẹ má gbẹ́sẹ̀ o."

"Ìwọ náà, ṣé eré ni mo fẹ́ sá?"

Nítorí ìyá yìí ni wọ́n ṣe tẹ́ ilẹ̀ náà. Orí táìlì ló ti yọ̀ ṣubú tí egungun ìdí rẹ̀ fi dá. Bó bá tún ṣubú, dókítà ní kò ní dìde mọ́.

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó rántí Ọ̀gá Dídán, ẹni tó tẹ́lẹ̀ náà. Ẹyọ àpẹẹrẹ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ mú wá jẹ́ ojúlówó: ọparun tí wọ́n là, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele. Nọ́ọ̀sì rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, kò wú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́, ó béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe pé pákó gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta kára rẹ̀ tó mọlé?"

Ọ̀gá Dídán rẹ́rìn-ín. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, pákó ti sùn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀yin gan-an lẹ kò tíì sùn."

Òótọ́ ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti jiyàn.

Ní báyìí, ó gbé àpẹẹrẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Oríkèé ọparun wà lára pákó kọ̀ọ̀kan, àmì dúdú kan bí alángbá kékeré. Ibì kan náà, ìrísí kan náà, láti ògiri dé ògiri. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń di egbò, kò tíì rí ènìyàn méjì tó ní àpá kan náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù; ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀gá Dídán gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá níbẹ̀ fọwọ́ nu ojú tí oorun ń kùn.

"Àwọn mẹ́rin ti wá ṣáájú yín, ìyá. Ìbínú nìkan ni wọ́n mú wá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá."

Bí wọ́n ṣe jọ ṣètò rẹ̀, télọ̀ kan, ọ̀rẹ́ nọ́ọ̀sì, ló pe Ọ̀gá Dídán pé kó wá tẹ́lẹ̀ fóun nílé. Ó dé tòun ti ẹrù pákó. Ọkùnrin kan tó fi téèpù kọ́rùn ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ṣé pákó yìí kò ní kọ́kọ́ sùn?"

"Tèmi kì í sùn, ọ̀gá. Ògbóǹkangí ni."

Nọ́ọ̀sì jáde láti inú ilé ìdáná pẹ̀lú ife omi gbígbóná. "Ẹni bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù," ló wí, ó sì rọra da omi náà sórí pákó tó wà lókè ẹrù náà. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Òógùn bo Ọ̀gá Dídán.

"Ẹ jẹ́ n lọ mú gọ́ọ̀mù wá nínú mọ́tò."

Ó sáré débi ilẹ̀kùn; ẹsẹ̀ ọkùnrin onítéèpù ti dábùú ọ̀nà. Lẹ́yìn wọn, pákó náà wú.

"Ìwọ ń tẹ́lẹ̀," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó fi téèpù ṣe bí télọ̀ wí, bó ti ń kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, "èmi ń tẹlẹ̀. Kí lèyí?"

"Bébà ni, sà. Àwòrán ọparun kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ sí gbogbo rẹ̀."

"Kí ló dé tí o kì í jẹ́ kó sùn?"

Ọ̀gá Dídán wolẹ̀. "Bó bá sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn onílé á ráyè wò ó."

Nọ́ọ̀sì wá àga, ó jókòó.

Kó tó di pé ilé ẹjọ́ rán Ọ̀gá Dídán lẹ́wọ̀n, àwọn ẹbí rẹ̀ ti dá owó tó gbà padà fún àwọn márààrún tó lù ní jìbìtì. Nígbà tí ojúlówó pákó dé, wọ́n tò ó jọ sí yàrá ìyá àgbà kó lè kọ́kọ́ sùn. Nọ́ọ̀sì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà lórí ẹní. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò tẹ́ ẹ yọjú láti wo pákó, ìyá gbé ìka sẹ́nu.

"Ẹ padà wá lọ́túnla. Àwọn méjèèjì ń sùn."